Tíṣà Kẹ́yìndé Jókòó

Kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo ní kí wọ́n lé Dosú kúrò ní Igbó-Ọrà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo dìde láàárín ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀, mo já gèlè mi, mo so ó mọ́ ìbàdí, mo sì sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ ní sùúrù kí n rò ó tán ná.

Ìyá Malachi ni wọ́n ń pè mí. Ìsọ̀ mi wà ní Pákò, létí títì, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ níbẹ̀. Pátákó ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ TÉLỌ̀ ÌBEJÌ sí, gàdàgbà gadagba. Kì í ṣe ohun kékeré nílùú wa. Níbòmíràn, ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bà. Lọ́dọ̀ tiwa, Táyé ni yóò bà, Kẹ́yìndé ni yóò sì wá bá a jà. Èmi fúnra mi, ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí mi sí, Ìdòwú ni orúkọ àmútọ̀runwá mi. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń kì wá, èṣù lẹ́yìn ìbejì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí inú ń bí mi, ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fi ń rán aṣọ ìbejì. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi, ọ̀gá tirẹ̀ ló kọ́ òun náà. Táyé nìkan là ń wọ̀n. Ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́yìndé ni àgbà? Inú ìyá wọn ló jókòó sí pẹ̀lẹ́tù tó fi rán Táyé pé kó lọ bá òun tọ́ ayé wò. Ẹni tó ránni wá wo ayé, ṣé òun náà ni yóò tún wá gbápá sókè fún télọ̀? Táyé ni yóò lọ. A ó wọn Táyé, a ó gé aṣọ méjì, ọ̀rọ̀ parí. Láti ọdún mẹ́tàlélógún yìí, Kẹ́yìndé kan kò wá fẹjọ́ sùn mí rí.

Àwọn tó jẹ́ olórí nínú àwọn oníbàárà mi ni Tíṣà Táyé àti Tíṣà Kẹ́yìndé, ìbejì tó kọ́ ìdajì ìlú yìí níwèé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Tíṣà Kẹ́yìndé ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹta, ohun tí gbogbo ayé sì mọ̀ mọ́ ọn ni pé kì í jókòó. Kì í jókòó níwájú wa nílé ìwé, kì í jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá lọ síbi ìkómọ, ara ògiri ni yóò fẹ̀yìn tì. Àwa ọmọ kíláàsì ní ó búra fún bàbá rẹ̀ ni. Àwọn ìjọ ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Àlùfáà kan tiẹ̀ fi ṣe ìwàásù lọ́jọ́ kan, ó ní kí a wo Tíṣà Kẹ́yìndé tó ń dúró níwájú Olúwa, kí ojú ti àwa tí ìdí wa wúwo. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, mo dúró títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ń mú, ni Dosú dé láti Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bodè níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ègùn ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ru maṣíìnì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi gan-an ló gbà, bí ẹni pé ìlú kún. Ó ní ọdún mẹ́jọ lòun fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń rán kóòtù fún àwọn adájọ́, ó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú férémù, ó gbé e kọ́ síbi tí n kò fi ní lè má rí i. Àràárọ̀ ló ń sọdá wá kí mi: ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi. Mo ń dá a lóhùn, torí pé wọ́n kọ́ mi nílé, ṣùgbọ́n n kì í gbójú sókè lórí maṣíìnì.

Téèpù rẹ̀ ní ojú méjì bíi ti gbogbo wa, àmọ́ ojú kejì, ti sẹ̀ntímítà, èyí tí àwa kì í wò, lòun ń kà. Ọmọ́tárá, ìyàwó alága ẹgbẹ́ wa, ló kọ́kọ́ lọ rán síkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Dosú wọn ìdí rẹ̀, ó sì pe nọ́ńbà náà sókè kó má baà gbàgbé, ó ní ọgọ́fà. Ọmọ́tárá tó ti mọ ìdí tirẹ̀ sí íńṣì mẹ́tàdínláàádọ́ta láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó bọ́ sí títì, ó ń pariwo pé kí gbogbo Pákò gba òun, àjèjì ti bú òun. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Mo ní ó tán fún un nìyẹn. Àfi bí síkẹ́ẹ̀tì náà ṣe dé ara Ọmọ́tárá lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì ra nǹkan kan.

Báyẹn ni àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá. Mo fara dà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ìyá ìbejì kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Dosú, mo sì ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà mi. Ó wọn Táyé tán, ó yí sí Kẹ́yìndé, ó ní kí òun náà gbápá sókè. Ẹsẹ̀ mi ni mo bá ní àárín títì, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo sọ fún un pé a kì í wọn Kẹ́yìndé ní ìlú yìí. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, “Ọ̀gá mi, ó yé mi pé Táyé ló ń bá wọn jẹ́ṣẹ́. Ṣé Táyé náà ni yóò bá wọn wọ ṣòkòtò?”

Inú bí mi, mo sọdá padà sí ìsọ̀ mi. 

Ìyẹn ni mo gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, níṣojú Dosú. Mo ní àjèjì ti dé, ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu wa, ó tún ń ba àṣà wa jẹ́. Tàófíìk tó ń rán aṣọ ọkùnrin ní Ìbẹ̀rẹ̀kodó tì mí lẹ́yìn, ó ní oníbàárà márùn-ún ló ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo ní àlejò lójú, kò fi ríran, kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Alága wa, Bámiṣẹ́, ọkọ Ọmọ́tárá, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá rọra bi mí.

“Ìyá Malachi, Malachi dà?”

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ìpàdé náà. Malachi ọmọ mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester, kò sẹ́ni tí n kò tíì fi fọ́tò rẹ̀ hàn. Bámiṣẹ́ ní ṣebí àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń sọ pé ó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ àwọn, tó sì jẹ́ pé bí ìyá wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn, Malachi ni yóò gbé e dìde. Kò parọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un, mo sì ṣépè fún àwọn ará ibẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń sọ ọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.

Mo ní, “Malachi kì í wọn Kẹ́yìndé.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wọ̀ mí lára bí ata. Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu tó fẹ́ pa mí. Àwọn Tíṣà méjèèjì ń bọ̀ wá pé àádọ́rin ọdún, wọn yóò ṣe ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù. Mo ní kí èmi àti Dosú rán aṣọ fún wọn: tèmi ni kí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ti Dosú ni kí wọ́n wọ̀ síbi àpèjẹ lẹ́yìn ìsìn. Bí tèmi bá dára jù, kó di maṣíìnì rẹ̀ kó máa lọ. Bí tirẹ̀ bá dára jù, èmi yóò yọ pátákó mi, n kò sì ní rán aṣọ ìbejì mọ́ láyé mi. Bámiṣẹ́ bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Dosú tó jókòó sẹ́yìn ní òun náà gbà. Ẹyin lohùn. Ìgbà tí mo délé ni ara mi tó tutù, tí mo rántí pé owó aṣọ ìbejì ni mo fi rán Malachi níwèé, òun náà ni mo sì ń jẹ títí di òní.

Tíṣà Táyé wá bí ìṣe rẹ̀, ó gbápá sókè, mo wọ̀n ọ́n, mo gé agbádá méjì, bùbá méjì, ṣòkòtò méjì. Gínì aláwọ̀ sánmà ni. N kò tíì ránṣọ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Dosú ní tirẹ̀ lọ bá Tíṣà Kẹ́yìndé nínú ilé, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, ó pẹ́ kó tó jáde. Mo fọ̀rọ̀ wá Keturah, ìyàwó Tíṣà Kẹ́yìndé, lẹ́nu wò. Ó ní òun kò rí nǹkan kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo kórìíra ẹ̀rín náà.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Bí àwọn Tíṣà ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ mi, gbogbo ìjọ dìde. Ẹ mú agbádá kan gbé lé èkejì, kò fi ìbú òwú kan yàtọ̀. Tíṣà Táyé jókòó níwájú. Tíṣà Kẹ́yìndé lọ dúró ti òpó bí ó ṣe máa ń ṣe, wákàtí méjì ààbọ̀, kò mira. Mo bojú wẹ̀yìn wo Dosú, mo sì ṣẹ́jú sí i. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìsìn parí, a kọjá sínú gbọ̀ngàn, wọ́n lọ pààrọ̀ aṣọ. Ìgbà tí wọ́n tún jáde, ohun kan yí padà tí n kò tètè mọ̀. Láti kékeré mi, ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀: Táyé a máa rìn bí èèyàn, Kẹ́yìndé a máa rìn bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà. Lọ́jọ́ yìí, ẹsẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ọwọ́ èké ni. Mo fa téèpù yọ lọ́rùn mi, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká agbádá sókè, mo wọn ìbàdí Táyé: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo wọn ti ìkejì rẹ̀: ogójì geere. Mo kọjú sí gbogbo gbọ̀ngàn, mo ní kí wọ́n wá wò ó, íńṣì mẹ́fà, àjèjì ti fi íńṣì mẹ́fà ya ìbejì. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo rántí pé èmi ni mo wọn Kẹ́yìndé yẹn, lójú gbogbo ayé, kò sì sí ohun tó ṣe mí.

Tíṣà Kẹ́yìndé rọra da agbádá rẹ̀ padà sílẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó rí bẹ́ǹṣì kan. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wọ odò tí kò mọ bó ti jìn tó, ó sì jókòó.

 Ẹni tó ń bu oúnjẹ gbé síbí dúró lọ́wọ́. Keturah fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Tíṣà Táyé ní, “Kẹ́yìndé, o jókòó.”

“Mo jókòó, Táyé.” Ó tún sún ìdí sẹ́yìn díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀. “Ọdún márùndínláàádọ́ta ni ṣòkòtò rẹ ti ń fún mi. Láti ìgbà tí Keturah ti ń se oúnjẹ fún mi.”

Táyé bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Ṣebí èmi ni mo rán ọ. Ṣé kí n wá máa sọ fáyé pé iṣẹ́ tí mo rán ọ, o ò jẹ́ ẹ dáadáa?”

 Tíṣà Táyé lọ jókòó tì í, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀, ẹ̀rín sì gbé e lọ. Àfi bí ẹni ṣí odò sílẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kẹ́yìndé kan nígun ọ̀hún tú bọ́tìnì rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Òmíràn, obìnrin, dìde, ó fi hàn wá pé bùbá ọdún Àjíǹde tí mo rán fún òun kò jẹ́ kí ọwọ́ òun dé orí láti ọjọ́ náà. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìjẹ́rìí, gbogbo wọn Kẹ́yìndé. Àlùfáà tó ṣe ìwàásù ọjọ́sí ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo fẹ́ bínú, mo wá ìbínú títí, n kò rí i. Ẹ̀rín ni mo rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí, ìkan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé àpótí síwájú ìsọ̀, mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pátákó. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu. Dosú sọdá wá: ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi. Mo ní kó yé pè mí lọ́gàá. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sọ̀ kalẹ̀, Kẹ́yìndé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti tò sẹ́nu ọ̀nà òun, méjì ti gun ọ̀kadà dé láti Ìdèrè, òun kò sì mọ ọmọ ta ni ta, òun kò mọ ẹni tó ń kánjú. Mo ní mo ti búra, n kò rán aṣọ ìbejì mọ́.

Ó ní, “Ẹ ò ní rán aṣọ ìbejì, mo gbọ́. Ti Kẹ́yìndé nìkan ni mo ní kí ẹ bá mi rán.”

Mo wò ó láti orí àpótí. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí ní láti jẹ́ amòfin. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Bí ẹ bá dé Pákò lónìí, ẹ ó rí i. Àwọn tó ń ra aṣọ ọmọ wọn láti Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ ti padà sílé, wọ́n ń wá láti Èrúwà, iṣẹ́ ń kún ọwọ́ Dosú, ó ń kún tèmi, ó ń ṣàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn wa. Ọmọ́tárá ń fi sẹ̀ntímítà yangàn. Àmọ́ kí n má parọ́, ti Tàófíìk kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn márùn-ún tó fi í sílẹ̀ kò padà, kò sì tíì kí Dosú títí di òní, n kò sì lè bá a wí. Mo mọ bó ṣe ń rí.

Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ pátákó yẹn kò tíì tán. Dosú ní kí a kun pátákó náà ní ọ̀tun kí a kọ orúkọ sí i, ó bi mí pé kí ni orúkọ mi gan-an, pé Ìyá Malachi nìkan lòun ń gbọ́. Mo ní Ìdòwú. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n bí mi sí. Mo ní kí ló kàn án.

Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹni tí wọ́n bá bí tẹ̀lé ìbejì lọ́dọ̀ tiwa, Dosú ni.”

Odidi ọdún kan ni mo ti ń rò pé orúkọ Faransé ni. Ó ní aṣọ àwọn ẹ̀gbọ́n òun lòun wọ̀ dàgbà, kò sí èyí tó bá òun mu rí, ìdí tí òun fi lọ kọ́ télọ̀ nìyẹn.  Èmi náà wọ aṣọ Táyé wa títí ó fi ya, mo wá bọ́ sínú ti Kẹ́yìndé wa. Ìgbà tí mo di télọ̀, ojú ni mo fi ń díwọ̀n tara mi, mo ń kánjú kí n lè padà sídìí ti oníbàárà. Ó bi mí pé ta ló kọ́kọ́ wọ̀n mí. Mo la ẹnu, n kò rí orúkọ kankan dá. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, kò sẹ́ni tó fi téèpù kan ara mi rí.

 Ó fa téèpù yọ lọ́rùn rẹ̀, ó ní kí n gbápá sókè. Mo gbé e sókè, mo tẹjú mọ́ òrùlé kí omi ojú mi má baà dà síta. Ó wọn èjìká mi, ó wọn àyà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ tuntun. Ó dé ìdí, ó kà á, ó sì pè é sókè kí gbogbo Kẹ́yìndé tó wà lórí ìlà lè gbọ́: mẹ́rìndínlọ́gọ́fà.

Mo ní kó sọ ọ́ ní íńṣì kí n tó gbá a létí. Ó ní kí n má sọ apá kalẹ̀, òun kò tíì wọn ọwọ́. Mo bá tún gbé apá sókè.